Pípa Touchpad Láìti Ara Ẹni Mọ́ Ìta

Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ lónìí kan gbogbo ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìyẹn laptop, ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, pàápàá jù lọ àwọn tó ń lo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí gbogbo ohun tí a kọ láti fi ṣe é sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, tó bá fẹ́ tún un ṣe, tàbí tó bá fẹ́ pín in fún ẹlòmíràn.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà? Touchpad ni. Touchpad ni ojú pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tó wà níwájú kíbọ́ọ̀dù laptop, níbi tí ìka ọwọ́ ti ń rìn kí ọfà ojú kọ̀ǹpútà lè máa tẹ̀ lé e. Ó wúlò, ó sì gba ènìyàn lọ́wọ́ gbígbé máòsì kiri, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀. Òǹkọ̀wé lè máa tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì fara kan touchpad, kí àmì tó ń ṣẹ́jú níbi tó ń kọ̀wé dé fò lọ sí àárín gbólóhùn mìíràn, kí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ sì bọ́ sókè. Nígbà mìíràn, odindi ìpínrọ̀ ni yóò ṣèèṣì yàn, tí yóò sì parẹ́ lójú rẹ̀ bó ti tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ta ni irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí rí nínú àwọn tó ń fi laptop kọ̀wé?

Wàhálà yìí tilẹ̀ kan ẹni tó ń kọ èdè Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi àmì ohùn sórí fáwẹ́lì, tó sì fẹ́ kọ ẹ, ọ àti ṣ bó ti tọ́ àti bó ti yẹ, kò lè ṣe é pẹ̀lú bọ́tìnnì kan péré fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ a máa pẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù ju ti ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Linux ti ní àtò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú, lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Ìgbò, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti ra ohunkóhun kún un kó tó lò ó. Ohun ìwúrí gidi ni èyí. Ṣùgbọ́n àǹfààní wo ló wà nínú àtò tó dára bẹ́ẹ̀, bí àtẹ́lẹwọ́ bá ń tú ohun tí ìka ń tò?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Apple ti fi touchpad sínú kọ̀ǹpútà PowerBook rẹ̀ lọ́dún 1994 ni irú rẹ̀ ti ń tàn kálẹ̀, títí ó fi di ohun tí a ń bá lára èyí tó pọ̀ jù nínú laptop. Lábẹ́ ojú rẹ̀ tó ń dán, àwọn okùn tín-ín-rín ló wà níbùú lóòró, tí iná mànàmáná tó kéré jọjọ wà lára wọn. Ara ènìyàn sì jẹ́ ohun tí iná lè gbà kọjá, nítorí náà bí ìka bá ti kan ojú ibẹ̀, bí iná ṣe rí níbẹ̀ yóò yí padà, ẹ̀rọ yóò sì fi ìyípadà yẹn mọ ibi tí ìka wà. Àtẹ́lẹwọ́ náà ń ṣe ohun kan náà. Òógùn ọwọ́ àti ẹ̀kán omi pàápàá lè da ẹ̀rọ náà láàmú. Touchpad fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí olówó rẹ̀ ní lọ́kàn. Sọ́fítíwìà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pinnu èyí tó jẹ́ àṣẹ àti èyí tó jẹ́ èèṣì.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú. Wọ́n á ní kí wọ́n pa touchpad náà pátápátá, kí ọkàn àwọn lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lórí Linux, pípa touchpad kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo: ènìyàn lè pa á fún ìwọ̀nba àkókò tí ọwọ́ fi ń tẹ̀wé, ó lè pa á fún ìgbà tí máòsì bá wà lára kọ̀ǹpútà, ó sì lè pa á pátápátá. Ẹni tó bá mọ èyí tó bá ìnira rẹ̀ mu, tó sì mọ ọ̀nà tí yóò gbà ṣí i padà kó tó pa á, kò ní ṣe àṣedànù.

Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ni pé kí touchpad máa sùn nígbà tí ọwọ́ bá ń tẹ̀wé, kó sì jí nígbà tí ọwọ́ bá dúró. Lórí èyí tó pọ̀ jù nínú Linux òde òní, sọ́fítíwìà kan tó ń jẹ́ libinput ló ń ṣe alárinà láàárín ohun tí ọwọ́ ń kàn àti ohun tí ojú ń rí, Peter Hutterer sì jẹ́ ẹni tó ti pẹ́ nídìí títọ́jú rẹ̀. Bí bọ́tìnnì lẹ́tà bá ti ń lọ sílẹ̀ léraléra, libinput yóò dá touchpad dúró fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó wu ni jù nínú iṣẹ́ náà ni pé bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti gúnlẹ̀ sórí touchpad nígbà tí ìwé títẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, libinput kò ní dá a lóhùn kódà lẹ́yìn tí ìwé títẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró, àfi tí ọwọ́ náà bá kọ́kọ́ gbéra kúrò níbẹ̀, kó tó tún padà wá. Bọ́tìnnì bíi Ctrl kì í sì í mú un sùn, nítorí àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ènìyàn lè fi ọwọ́ kan di Ctrl mú kó sì fi ọwọ́ kejì yan nǹkan. Ẹni tó ronú débẹ̀ ronú dáadáa.

Èyí sábà máa ń wà ní ṣíṣí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí àwọn kan kò fi rí àǹfààní rẹ̀? Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ rèé. Libinput máa ń so touchpad inú laptop pọ̀ mọ́ kíbọ́ọ̀dù inú laptop náà, kò sì ka ìwé títẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù tí a so mọ́ ọn láti ìta sí, nítorí ó gbà pé ọwọ́ ẹni tó ń lo ti ìta jìnnà sí touchpad. Ṣùgbọ́n ẹ wo laptop tòkunbọ̀ tí àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti kú, tí ẹni tó rà á wá gbé kíbọ́ọ̀dù USB gàgàrà lé ti inú rẹ̀ lórí, tó ń fi ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ onítọ̀hún ń rọ̀ sórí touchpad ní gbogbo ìgbà, sọ́fítíwìà sì rò pé kò sẹ́ni tó ń tẹ̀wé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pípa touchpad tọ́ sí ní tòótọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò rẹ̀, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ ni ti touchpad ara laptop tó ń da iṣẹ́ rú, àti bí ẹni tó ń lo Linux ṣe lè pa á. Kókó tí a ti dé ni pé pípa rẹ̀ ní ìpele-ìpele, àti pé kí ènìyàn mọ ọ̀nà àbọ̀ kó tó lọ.

Báwo ni pípa rẹ̀ pátápátá ṣe rí? Ó kù sọ́wọ́ ojú-iṣẹ́ tí olùlò yàn. Ojú-iṣẹ́ ni àwọn fèrèsé, àwòrán àti mẹ́nù tí ojú ń rí bí kọ̀ǹpútà bá ti tan, Linux sì ní ju ẹyọ kan lọ. KDE ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1996, GNOME tẹ̀ lé e lọ́dún 1997, Xfce náà wà níbẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá ń lo Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, tí Mark Shuttleworth ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa dá sílẹ̀ lọ́dún 2004, GNOME ló sábà máa ń bá níbẹ̀, bí kò bá fúnra rẹ̀ yan òmíràn. Nínú gbogbo wọn, ojú ibi kan náà la ń wá: a ó ṣí Settings, a ó lọ sí ibi tí a kọ Mouse and Touchpad tàbí Touchpad sí, a ó sì pa ohun tó wà níbẹ̀. Lórí Xfce, àpótí kékeré kan wà tí a óò yọ àmì inú rẹ̀ kúrò. Lórí KDE pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Lórí GNOME, ọ̀rọ̀ náà ní ìkọ̀kọ̀ kan nínú, ó sì tọ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣí Settings, tí wọ́n á dé ojú ibi tí touchpad wà, tí wọ́n á wo òkè, tí wọ́n á wo ìsàlẹ̀, tí wọn kò sì ní rí bọ́tìnnì tí wọn yóò fi pa á. Wọ́n á ní kọ̀ǹpútà àwọn ti bàjẹ́, tàbí pé Ubuntu àwọn kò pé. Kò bàjẹ́, ó sì pé. GNOME kì í fi bọ́tìnnì yẹn han ẹni tí kò ní máòsì lára kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í sì í ṣe irú èyí tí a ń fọwọ́ tẹ̀, nítorí pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pa touchpad, kí ni yóò fi ṣí i padà? So máòsì mọ́ ọn, bọ́tìnnì náà yóò sì yọjú. Bí touchpad bá sì ti wà ní pípa tẹ́lẹ̀, bọ́tìnnì náà yóò hàn, máòsì ì báà wà tàbí kó má sí, kí ẹni tó há sínú lè rí ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn kan ń bínú sí èyí, wọ́n ní kí ni GNOME ń fi ohun tí àwọn ní pamọ́ fún àwọn sí. Ẹ̀tọ́ wà nínú ìbínú wọn, nítorí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí yóò sọ ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ tọ̀nà, ẹni tó bá ti há mọ́ ìta kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ rí yóò gbè é lẹ́yìn.

Èyí tó dára jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó ní máòsì ni pé kí touchpad máa pa fúnra rẹ̀ bí máòsì bá ti wọlé, kó sì máa tan fúnra rẹ̀ bí máòsì bá ti jáde. Kò sí pé à ń rántí, kò sí pé à ń gbàgbé. KDE ti fi èyí sínú Settings rẹ̀. GNOME ní in pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò gbé e síta. Àṣẹ kíkọ la fi ń pè é. Fèrèsé tí a ti ń kọ àṣẹ ni à ń pè ní Terminal, lórí Ubuntu sì rèé, bí a bá tẹ Ctrl, Alt àti lẹ́tà T pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò ṣí. Ẹni tó bá ní bírò lọ́wọ́, kó gbé e, ọ̀rọ̀ náà yóò lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni gsettings. Àyè kan. Ọ̀rọ̀ kejì ni set. Àyè kan. Ọ̀rọ̀ kẹta gùn, kò sì ní àyè kankan láàárín, àmì ìdánudúró ló pín in: org.gnome.desktop.peripherals.touchpad. Àyè kan. Lẹ́yìn náà, send-events, tí ìlà kékeré wà láàárín rẹ̀. Àyè kan. Ìparí rẹ̀ ni disabled-on-external-mouse, ìlà kékeré ló sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kí a wá tẹ Enter. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí olùlò bá yí ọ̀rọ̀ ìparí yẹn padà sí disabled nìkan, touchpad yóò pa pátápátá, máòsì ì báà wà tàbí kó má sí. Bó bá sì yí i padà sí enabled, touchpad yóò tan. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí, enabled, ni ọ̀nà àbọ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ disabled kọ́kọ́ kọ enabled síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti tètè rí i, lórí ìwé, kì í ṣe nínú kọ̀ǹpútà kan náà.

Ṣé ẹ̀yin olùgbọ́ ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀? Ìbéèrè tó kàn ni pé, bí ènìyàn bá ti pa touchpad, tí máòsì sì kú tàbí tó sọnù, kí ló kù? Kíbọ́ọ̀dù ló kù, kíbọ́ọ̀dù sì tó. Lórí GNOME, bọ́tìnnì tí a ya àmì Windows sí lára ọ̀pọ̀ laptop ni à ń pè ní Super. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ibi tí a ti ń wá nǹkan yóò ṣí, a ó sì kọ mouse síbẹ̀, a ó tẹ Enter, Settings yóò gbé wa débẹ̀. Tab la fi ń rìn láti ojú kan sí òmíràn, bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ tí a fi ń pín ọ̀rọ̀ la sì fi ń tan nǹkan tàbí pa á. Ó yẹ kí olùlò dán èyí wò nígbà tí touchpad rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ìtùnú kan tún wà: ti olùlò kọ̀ọ̀kan ni ètò yìí. Bí ẹnì kan bá pa touchpad nínú àyè tirẹ̀, yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn tó ń lo kọ̀ǹpútà kan náà pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, yóò sì máa ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà ká tó wọlé.

Àwọn kan á ti gbọ́ nípa àṣẹ kan tó ń jẹ́ xinput, tí àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà àtijọ́ máa ń kọ́ni. Ètò àtijọ́ tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, tó ń jẹ́ X, ni xinput bá lọ, kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí èyí tó ń gba ipò rẹ̀, tó ń jẹ́ Wayland. Lórí X pàápàá, bí kọ̀ǹpútà bá ti pa tó sì tún tan, iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ kí touchpad kú fún gbogbo ènìyàn tó ń lo kọ̀ǹpútà náà lè wá a nínú BIOS, ìyẹn ojú-ewé ìpìlẹ̀ tí à ń wọ̀ kí Linux tó tan, bí ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà náà bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, touchpad ni ọ̀rọ̀ dá lé, bí a ṣe ń pa á lórí Linux àti bí a ṣe ń ṣí i padà. Ó ku ohun kan tó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ.

Kì í ṣe gbogbo touchpad tó ń ya wèrè ni a gbọ́dọ̀ pa. Nígbà mìíràn, àrùn ibòmíràn ló ń fi ara hàn níbẹ̀. Bí ọfà bá ń gbọ̀n, tó ń fò káàkiri nígbà tí laptop wà lórí ṣájà, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀ bí a bá ti yọ ṣájà, a jẹ́ pé iná tó ń ti ara ṣájà wọlé ló ń da touchpad láàmú. Ṣájà tí kì í ṣe ojúlówó àti iná tí kò ní okùn tó wọlẹ̀ sábà máa ń fa èyí. Ìyẹn ṣì rọrùn. Èyí tó léwu ni ti bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ laptop, abẹ́ touchpad tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni bátìrì wà, bátìrì tó bá sì ti gbó lè wú, kó máa ti touchpad sókè láti ìsàlẹ̀, kí touchpad máa tẹ ara rẹ̀ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, tàbí kó le gbagidi débi pé kò ní ṣeé tẹ̀ mọ́. Kí ẹni tó ń lo laptop tòkunbọ̀ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú, kó wo ẹ̀gbẹ́ touchpad náà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀. Ṣé ó ga ju ojú ibi tó yí i ká lọ? Ṣé ìdérí ìsàlẹ̀ ti ń là? Ṣé laptop náà ń mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ lórí tábìlì tó tẹ́jú? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àṣẹ kankan nínú Terminal kò lè wò ó sàn. Bátìrì tó wú lè gbaná.

Nítorí náà, kí ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá ti wú pa laptop rẹ̀ lónìí, kó má ṣe tún fi sórí iná, kó má ṣe fi ohun ṣóńṣó gún bátìrì náà, kó sì gbé e lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kó bá a yọ bátìrì náà. Kí ẹni tí touchpad rẹ̀ bá ṣàdédé dákẹ́ láìjẹ́ pé ó pa á kọ́kọ́ wo òkè kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, bóyá bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tí a ya àwòrán touchpad sí, nítorí ọwọ́ lè ti ṣèèṣì kan ìyẹn, kó tó náwó fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Àwọn tó kù, tó jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni ìṣòro wọn, kí wọ́n so máòsì mọ́ laptop wọn nírọ̀lẹ́ òní, kí wọ́n dán ọ̀nà tí touchpad fi ń pa fúnra rẹ̀ yẹn wò, kí wọ́n sì kọ́ ẹnì kan sí i nínú ilé.